Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Mi

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ṣe ní ilẹ̀ Faransé ni pípààrọ̀ ibùsùn èkúté. Ilé ìwádìí kan ni, ní ìlú tútù kan ní àríwá, níbi tí wọ́n ti ń wádìí ọpọlọ. Lábẹ́ ilẹ̀ ni àwọn èkúté náà ń gbé. Dúdú ni wọ́n, wọn kì í ṣe funfun bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ilé oníke wọn kọ̀ọ̀kan ní káàdì lára: nọ́ńbà, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìyá. Ìwọ̀n ooru yàrá wọn kì í kúrò ní méjìlélógún. Iná ń tàn ní aago méje àárọ̀, ó ń kú ní aago méje alẹ́, ọjọ́ kan kì í yẹ̀. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá mi gbóná bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́ kí n lè yáná lọ́dọ̀ àwọn èkúté.

Màmá pè mí láti Ìdáàṣà, ìlú wa, ní ọjọ́ Àìkú kan.

"Kí ni o ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Mo ń tọ́jú èkúté, Màmá."

"Èyí tí wọ́n ń jẹ?"

"Wọn kì í jẹ wọ́n."

"Wọ́n ń tà wọ́n ni?"

"Wọn kì í tà wọ́n."

"Ó dáa. N óò sọ fún àwọn ará ibí pé ọsibítù ni o wà."

N kò dá a lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, nígbà ọyẹ́, a máa ń sun igbó ní ẹsẹ̀ àwọn òkè láti lé emó jáde, a sì mọ ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo ti fi òkè mọ́kànlélógójì tó yí Ìdáàṣà ká sílẹ̀ lẹ́yìn, mo wá ń bu oúnjẹ fún ohun tí a ń lé kiri.

Ṣùgbọ́n èkúté kọ́ ló kọ́kọ́ dùn mí. Ìkíni ni. Mo kí àwọn ará ibi iṣẹ́ ní àárọ̀, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa. Ní ọ̀sán mo tún pàdé ọ̀kan nínú wọn lórí àtẹ̀gùn, mo tún kí i. Ó dúró, ó wò mí bí ẹni pé mo ti ń gbàgbé nǹkan. "A ti kí ara wa lónìí," ló sọ. Kò bínú o. Ó kàn rán mi létí ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ìkíni mi. Tí ó bá kún mi lọ́fun jù, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn èkúté, n óò kí wọn ní èdè Ìdáàṣà: ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n máa ń gbé imú sókè.

Madame Hélène ni ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbàgbé awò ojú rẹ̀ sórí irun. Ó máa ń tẹ ìwé jáde, á kà á, á fi bírò fa ìlà sí i, á sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Èmi ni mo ń da apẹ̀rẹ̀ náà nù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ìwé náà lọ sílé. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ìdáàṣà, ìyókù ni mo fi ìwé atúmọ̀-ọ̀rọ̀ àti orí kunkun kọ́. Ìwé kan lè gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú kayé aláwọ̀ ewé kan, ìwé àkọsílẹ̀ mi.

Ohun tí mo kọ nìyí. Nínú ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì kan kì í fọwọ́ kan èkejì. Àlàfo tíńtín wà láàárín wọn. Tí èkíní bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, á tú oje díẹ̀ sínú àlàfo náà, èkejì á sì gbà á. Ohun tó ń gbà á yẹn, tó nà síta lára sẹ́ẹ̀lì bí ọwọ́ tí a tẹ́, ni Madame Hélène fi ayé rẹ̀ wádìí. Olùgbà ni mo pè é nínú kayé mi. Oje kan wà tó ń jẹ́ dópámíìnì. Oríṣi olùgbà márùn-ún ni a mọ̀ fún un, ìdílé méjì ni wọ́n sì pín sí. Ní apá ibi tí ọpọlọ ti ń darí ìrìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ru ìdílé kìíní ń ti ara síwájú, àwọn tó ru ìkejì ń fà á sẹ́yìn. Dópámíìnì ń ki àwọn ti ìṣáájú láyà, ó sì ń pa àwọn ti ìkejì lẹ́nu mọ́. Tí ó bá gbẹ, ọwọ́ tó ń fani sẹ́yìn nìkan ló kù. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní Pákínsìn nìyẹn. Kókó dúdú méjì nínú ọpọlọ ló ń ṣe dópámíìnì náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Nígbà tí ọwọ́ bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kan mo bi Madame Hélène léèrè ìdí tí èkúté tó ń ṣàìsàn ní apá kan ọpọlọ fi máa ń yí po sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti orí irun, ó wò mí dáadáa.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń yí?"

"Èmi ni mo ń tún ibùsùn wọn ṣe. Mo ń rí ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn là sínú rẹ̀."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n gbé mi kúrò nídìí ibùsùn. Mo wá di ẹni tó ń gbé èkúté sórí ọ̀pá tó ń yí, tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n fi dúró kí wọ́n tó já bọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Firmin, àbúrò mi tó jẹ́ olùkọ́ ní Tré nítòsí ilé, ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Bàbá ló ń ti Mísà bọ̀, ó wọ bùbá funfun, ó ń gun ọ̀nà olókùúta tó lọ sí ilé wa. Firmin ń fi ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe hàn mí. Èmi kò rí ọ̀nà. Mo rí ọwọ́ òsì Bàbá tó ń fì lọ, tó ń fì bọ̀, mo sì rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó dúró sí ìhà rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sí i lọ́wọ́. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo wò ó. Mo wá rántí pé Màmá ti rojọ́ ní ọdún tó kọjá pé ẹ̀wà jóná níwájú Bàbá tí kò gbóòórùn rẹ̀. Mo rántí pé orúkọ tó kọ sẹ́yìn fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo ti kọ gbogbo àmì wọ̀nyí sínú kayé mi.

Mo pe Firmin.

"Dàdá," ló wí, bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nílé wa, "Bàbá ti dàgbà. Ọwọ́ arúgbó ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló darúgbó?"

Firmin gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Parakú. Ohun tí èkúté ti kọ́ mi ni dókítà náà sọ. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo sọ fún Màmá pé oògùn náà lágbára, kó rí i pé Bàbá ń jẹun dáadáa sí i.

Oṣù méjì kọjá, ọwọ́ náà kò yí padà. Ó tún wá ń gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọwọ́ yìí fi ju ọwọ́ lọ. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu kí olórí ilé tó gé àkọ́kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gé e, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò gbọdọ̀ gbé ọ̀bẹ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tó bá ti jí lọ́jọ́ náà, ohunkóhun kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi gé e, omi pàápàá. Lẹ́yìn náà ni a máa ń jọ lọ sí Mísà. Tí ọwọ́ olórí ilé bá kọ̀, ọ̀bẹ bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Kì í padà mọ́. Ọdún méjìlélógún ni ọ̀bẹ náà ti wà lọ́wọ́ Bàbá, àbúrò rẹ̀ tí a ń pè ní Bàbá Kékeré sì ti ń wò ó.

Firmin ròyìn rẹ̀ fún mi. Bàbá Kékeré wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó, ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ti ń jọ gàrí láìní ajọ̀."

"Tí ó bá jọ̀ ọ́ tán," ni Bàbá wí, "n óò ránṣẹ́ pè ọ́ kí o wá mu ún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Kékeré lọ, Bàbá sọ fún Firmin pé bí òun kò bá lè gé iṣu ọdún yìí, kí wọ́n máa gbé àga òun sẹ́yìn ilé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Madame Hélène. Kò sọ̀rọ̀ olùgbà. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Kí ló ń jẹ nígbà tó bá ń lo oògùn náà?"

N kò mọ̀. Mo mọ iye ìgbà tí èkúté kẹtàlélógún ń nu imú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. N kò mọ ohun tí bàbá mi ń jẹ ní àárọ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo pe ilé.

"Àtásì ni," ni Màmá wí. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ nìyẹn. "Ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Mo sì ń bu ẹyin méjì lé e. Ṣebí ìwọ lo ní kó jẹun dáadáa sí i."

Èmi ni. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé, n kò sì rò pé ó kan àwo oúnjẹ nílé wa. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí ara ń rí nínú ẹ̀wà àti ẹyin, ẹnu ọ̀nà kan náà ni òun àti oògùn yìí ń gbà wọ inú ọpọlọ. Tí ẹ̀wà bá ti kún ẹnu ọ̀nà, oògùn á dúró síta.

"Ẹnu ọ̀nà kan náà?" Ohùn Bàbá ni. N kò mọ̀ pé ó ń gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa."

"Ṣé inú òfo ni kí n wá da oògùn sí?" ni Màmá wí. "Ṣé mo fẹ́ pa á ni? Ta ló ń fi inú òfo lo oògùn?"

A fa ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Níkẹyìn a fẹnu kò: oògùn àti omi, kí wọ́n ka Ròsárì méjì tán, lẹ́yìn náà kí ó mu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná lásán. Ẹ̀wà di ti ìrọ̀lẹ́. Mo ti wọn Ròsárì Màmá láti ìgbà èwe mi. Méjì rẹ̀ tó ogójì ìṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Firmin fi fídíò ránṣẹ́. Bàbá ń de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́fà, ìṣẹ́jú-àáyá méjìléláàádọ́ta. Mo fi hàn Madame Hélène, ó gbé awò ojú wọ̀, ó wò ó dé òpin, ó sì fọwọ́ kàn mí léjìká. Ní ọjọ́ yẹn, mo wà nílé, mo sì wà níbi iṣẹ́, ibì kan kò sì lé mi. N kò tíì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù kẹjọ dé. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ń tún un ṣe, n kò sì lè jáde kúrò ní ilẹ̀ Faransé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣu, mo pe ilé láti ibi iṣẹ́. Màmá ló gbé e, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọwọ́ rẹ̀ dà bí igi. Kò fẹ́ lo oògùn. Ó ní ẹnu òun gbọdọ̀ mọ́."

Mo ti ṣírò rẹ̀. Oògùn ìrọ̀lẹ́ àná ti ṣá nínú ara rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa gé iṣu. Mo ní kó gbé fóònù fún un.

"Bàbá, ẹ lo oògùn yín. Fádà gan-an ní oògùn kì í ba ààwẹ̀ Kọmúnyọ̀n jẹ́."

"Fádà ló ni Mísà," ni Bàbá wí. "Òun kọ́ ló ni iṣu."

"Bàbá, oògùn kì í ṣe oúnjẹ."

Mo gbọ́ tí àkùkọ kan ń kọ nílé wa.

"Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ tí Màmá bu omi.

Ní aago mẹ́wàá tiwọn, mọ́kànlá tiwa, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá àwọn èkúté pẹ̀lú fóònù mi. Firmin gbé tirẹ̀ sókè kí n lè rí. Iṣu làbókò kan, gígùn, erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá gbé ọ̀bẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ga, ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀. Ìlàjì méjèèjì ṣubú sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, funfun. Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kó ọ̀rọ̀ gàrí mi jẹ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi sunkún, mo nu ojú, mo sì wọlé lọ sọ fún àwọn èkúté.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, fóònù mi dún ní ìsinmi ọ̀sán. Bàbá ni. Bàbá kì í pe ènìyàn. Ohùn rẹ̀ ti kéré, mo ní láti fi ìka di etí kejì.

"Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ kan. O sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀wà àti oògùn ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

"Ohun tó bá gba ẹnu ọ̀nà oúnjẹ wọlé, oúnjẹ ni."

Mo wá èsì. Mo wá a nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ sínú kayé. Òótọ́ ló sọ. Ara kò mọ oògùn yẹn sí oògùn; ó kà á mọ́ ara ohun tí oúnjẹ ń dà nínú wa, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣu. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ohun tí mo sọ.

"N kò bínú sí ọ," ni Bàbá wí. "O fẹ́ kí ọwọ́ mi dúró, ó sì dúró. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò mọ́, mo sì bọ́ gbogbo ilé."

"Ẹ ṣì ń lo oògùn náà?"

"Mo ti pa á tì. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí."

Ẹni tó bá dá oògùn yẹn dúró lójijì, gbogbo ara rẹ̀ lè tì pa, ibà sì lè tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò ní fi kan ẹnu títí òun yóò fi sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà ilé, kí òun sì fa ọ̀bẹ lé àbúrò òun lọ́wọ́. Èmi tí mo jà fún ọ̀bẹ náà, èmi náà ni mo pe Firmin tí mo ní kó yára pe àwọn àgbà jọ kí ọ̀bẹ lè tètè kúrò lọ́wọ́ bàbá wa.

Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin. Pẹ̀lú àga rẹ̀ ni wọ́n gbé Bàbá jáde, nítorí kò lè dìde mọ́. Ó sọ ọ́ pé òun ti lo oògùn kí òun tó gé iṣu. Ọ̀rọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú méjì. Bàbá Kékeré kò na ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bi yín? Kò sí ẹni tó mọ̀."

"Èmi mọ̀," ni Bàbá wí.

Firmin sọ pé ńṣe ni Bàbá Kékeré gba ọ̀bẹ náà bí ẹni tí wọ́n gbé òkú ọmọ fún. Láàárín wákàtí kan náà ni Màmá fún Bàbá ní oògùn. Omi, Ròsárì méjì, kókó.

Ọwọ́ náà padà. Ìyẹn ló le jù. Oṣù lórí oṣù, ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀, ó ń bó iṣu, ó ń gé e wẹ́wẹ́ fún Màmá. Ọwọ́ tó dára ni, kò kàn ní iṣẹ́ mọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń rí àwọn ọmọdé tí wọ́n jókòó sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, ó máa ń ní kí Màmá bu oúnjẹ fún wọn. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Mo mọ orúkọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo ti sọ ohun tó pọ̀ jù fún wọn.

Iṣu tún dé ní ọdún yìí. Mo jí, n kò mu omi, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. Níbi iṣẹ́, Madame Hélène gbé kọfí mi wá bó ṣe máa ń ṣe.

"O kò mu ún?"

"Mo ń dúró de àwọn kan."

Kò béèrè síwájú. Ó gbé kọfí náà sórí tábìlì mi, ó sì lọ. Ó ti tutù pátápátá nígbà tí Firmin pè. Mo rí Bàbá Kékeré tó gbé ọ̀bẹ sókè, mo rí iṣu tó pín sí méjì. Kò sí ẹni tó ṣe àwàdà. Firmin wá yí fóònù sí Bàbá. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí orúnkún, ó dúró jẹ́ẹ́. Ó ti lo oògùn rẹ̀ láti ìdájí. Òfin náà kò kàn án mọ́.

"Ṣé o ti jẹun?" ló bi mí.

"Rárá, Bàbá."

Ó wò mí pẹ́. Àìsàn yẹn máa ń mú kí ojú ènìyàn le, n kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Wọ́n ti gé e," ló wí. "Lọ jẹun."